Àwọn Tó Ń Gbógun Ti Gbéborùn: Àgbéyẹ̀wò Akitiyan Ọmọnìyàn Lórí Ewéko Àjèjì Kan Lójú Omi Èkó àti Gúúsù Bẹ̀nẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí ewéko orí omi kan tí àwọn Yorùbá ń pè ní gbéborùn, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ sí Eichhornia crassipes. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ewéko yìí ti wọ omi ilẹ̀ wa. Kì í ṣe ewéko náà nìkan ni a gbájú mọ́ nínú iṣẹ́ yìí, bí kò ṣe àwọn ènìyàn tí wọ́n ń bá a jà: àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀, àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣẹ́ ọnà. A ṣàlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti bí iṣẹ́ ẹnì kan ṣe lè ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé kò sí ẹyọ ọ̀nà kan tó lè dá ewéko yìí lẹ́kun, àti pé olùkọ́ èdè Yorùbá ní ipa tirẹ̀ nínú ìjà náà, nítorí pé ẹni tí kò mọ orúkọ ọ̀tá lè máa gbógun ti ọ̀rẹ́.

1.0 Ìfáárà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nípa ìlò àfiwé nínú ìwúre Yorùbá. A dé orí ojú oró àti òṣíbàtà, àwọn ewéko méjì tí àwọn àgbà fi ń ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí yóò máa lékè ọ̀tá nígbà gbogbo. Bí a ti ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan tó wá láti etí omi Ìlàjẹ nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú oró tí ẹ ń yìn yìí náà ni ìjọba ń fi ẹ́ńjìnnì kó dànù. Òun ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ bàbá mi rọ́nà kọjá. Báwo ni a ṣe máa fi ṣàdúrà?" Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Ẹ̀pẹ́ dá a lóhùn pé kì í ṣe ojú oró ni ó dí ọ̀nà, òṣíbàtà ni. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Kí a má parọ́, a kò lè là wọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè ọmọ yìí ni ó bí iṣẹ́ tí ẹ ń kà yìí. Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ náà, a rí i pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣì í. Ewéko tí ó dí ọ̀nà ọkọ̀ kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà. Àjèjì ni. Ó wá jókòó lórí ibùjókòó àwọn méjì tí a mọ̀, ó sì fẹ́ gba orúkọ wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a tún rí i pé àwọn tó ń bá a jà pọ̀, tí ọ̀pọ̀ wa kò sì gbọ́ ìròyìn wọn rí. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ sọ ohun tí àjèjì agbilẹ̀ jẹ́, a ó ṣàlàyé ìrísí àti ìwà gbéborùn, lẹ́yìn èyí ni a ó wá yẹ àwọn ajagun náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

2.0 Kí Ni Àjèjì Agbilẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ti òkèèrè wá ni ọ̀tá. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, kòkó àti ata kò sí nílẹ̀ Yorùbá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Lónìí, wọ́n ti di ọmọ onílé, kò sì sí ẹni tó ń pè wọ́n ní àlejò mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí àgbẹ̀ bá gbìn wọ́n sí ni wọ́n ń hù sí. Bí àgbẹ̀ bá pa oko tì, igbó yóò bo àgbàdo mọ́lẹ̀.

Ohun tí a pè ní àjèjì agbilẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Ohun abẹ̀mí ni, ìbáà jẹ́ ewéko, ẹranko tàbí kòkòrò, tí ọwọ́ ènìyàn gbé kúrò níbi tí a ti ṣẹ̀dá rẹ̀ sí, tó wá ń tàn káàkiri fúnra rẹ̀ ní ibùgbé tuntun, tó sì ń ṣe ìpalára fún àwọn tó bá níbẹ̀. IPBES, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ohun abẹ̀mí, gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 2023. Ó ní ohun abẹ̀mí àjèjì tí ọwọ́ ènìyàn ti gbé káàkiri ayé lé ní 37,000, àti pé èyí tó lé ní 3,500 nínú wọn ni ó ń ṣe ìpalára. Gbéborùn ni ìgbìmọ̀ náà kà sí èyí tó tàn kálẹ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn.

Kí ló fà á tí ohun tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílé rẹ̀ fi ń di ìṣòro lájò? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ní ilẹ̀ rẹ̀, ohun abẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀tá tirẹ̀: kòkòrò tó ń jẹ ẹ́, àrùn tó ń ṣe é, ewéko mìíràn tó ń bá a du àyè. Àwọn wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí ó pọ̀ kọjá ààlà. Nígbà tí a bá gbé e lọ sí ibòmíràn, òun nìkan ni a gbé; a kì í gbé ọ̀tá rẹ̀ mọ́ ọn. Ó dà bí ọmọ aláìgbọràn tó bọ́ sí ìlú tí kò ti sí ẹni tó mọ bàbá rẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé orí rẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kòkòrò tí a ó sọ níwájú dúró lé. Àjèjì jíjẹ́ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ gbéborùn. Wíwá tó wá láìsí ẹni tí yóò ká a lọ́wọ́ kò ni.

3.0 Ìrísí, Ìrìnàjò àti Orúkọ Gbéborùn

3.1 Bí a ṣe lè dá a mọ̀

Ojú oró kò ní igi ewé. Àwọn ewé rẹ̀ nípọn, wọ́n ní irun wẹ́wẹ́ lára, wọ́n sì tò yípo bí ìgbà tí ewébẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta lórí ebè. Òdòdó rẹ̀ kéré débi pé ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò ní rí i. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ omi. Ewé rẹ̀ rí roboto, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi bí abọ́.

Gbéborùn yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ewé rẹ̀ ń dán, ó sì máa ń nà ró sókè. Igi ewé rẹ̀ wú ní àárín bí àlùbọ́sà. Bí a bá gé e, inú rẹ̀ rí wúruwùru bíi kànìnkànìn, afẹ́fẹ́ ló sì kún un. Èyí ni kì í jẹ́ kí ó rì. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó sì ń fì nínú omi bí ìyẹ́ adìẹ láìfara kan ilẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ọ̀kan nínú ewé òdòdó náà sì ní àmì pupa rúsúrúsú tó jọ ojú. Òdòdó yìí rẹwà púpọ̀, ẹwà rẹ̀ gan-an sì ni ó fa wàhálà: nítorí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe ń gbé ewéko náà kiri ayé láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ inú adágún.

Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà bí sí i. Èkíní, ó ń ya ẹ̀ka gbọọrọ sójú omi, orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò sì di ewéko tuntun. Bí omi bá ní ọ̀rá tí oòrùn sì mú, iye rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èkejì, ó ń so èso wẹ́wẹ́ tí yóò rì sínú ẹrẹ̀, tó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó hù. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ kó gbogbo èyí tó wà lójú omi lónìí, ti ọ̀la ti wà nísàlẹ̀.

3.2 Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Agbègbè odò Amásónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀, pàápàá ti Akinyemiju (1987), fi yé wa pé oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní omi Nàìjíríà. Láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ó ti wọlé, ní ọ̀nà omi tó so Àjàṣẹ́ mọ́ Àgbádárìgì. Láti Àgbádárìgì, ó gba ojú ọ̀sà dé Èkó, ó kọjá sí Ẹ̀pẹ́ àti Ìlàjẹ, ó sì bá omi lọ sí ìhà Niger Delta. Kò sí iwé ìrìnnà tí ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

3.3 Àwọn orúkọ rẹ̀

Orúkọ tí àwọn ènìyàn sọ ewéko yìí tó ohun tí a lè kọ iṣẹ́ mìíràn lé lórí. Nínú ọ̀rọ̀ kan tí Achenyo Idachaba sọ ní gbangba ní ọdún 2015, ó ka díẹ̀ sílẹ̀ nínú wọn. Àwọn kan ń pè é ní Babangida, àwọn kan ní Niger Delta ń pè é ní Abíọ́lá, àwọn Igala sì sọ ọ́ ní orúkọ tó túmọ̀ sí ikú fún ìyá àti ọmọ. Àwọn Yorùbá ní tiwọn ló pè é ní gbéborùn. Gbéborùn ni ẹni tí kò lè pa ẹnu mọ́, tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti agboolé dé agboolé. Bí òfófó ṣe ń yára tàn, tí ẹni tó dá a sílẹ̀ kò sì lè kó o jọ mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ewéko yìí.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àwọn ènìyàn wa yóò fi orúkọ pe àlejò orí ilẹ̀ wọn. Ewé kan wà tó gba gbogbo oko àpatì ní ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chromolaena odorata. Láti Amẹ́ríkà ni òun náà ti ṣẹ̀. Ewé Akíntọ́lá ni àwọn kan ń pè é, àwọn mìíràn sì ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Orúkọ báyìí ni ìwé ìtàn tí ará ìlú kọ fúnra wọn: ó ń sọ ìgbà tí nǹkan dé, ó sì ń sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn nígbà náà.

4.0 Àwọn Tó Ń Gbógun Tì Í

4.1 Àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀

Àwọn ni ọmọ ogun àkọ́kọ́, àwọn náà ni a kì í sì í kà mọ́ ajagun. Bí gbéborùn bá pàdé, ó di bí ẹní tí a tẹ́ sójú omi. Ọkọ̀ kò ní lè kọjá. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ wakọ̀ yóò máa fi ọ̀pá tì í lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì yóò rí i tí gbòǹgbò yóò lọ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú láàárín omi. Àwọ̀n tí wọ́n dẹ sílẹ̀ lálẹ́, ìtẹ́ gbéborùn tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri lè wọ́ ọ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ejò ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀fọn ń rí ibi pamọ́ sí láàárín rẹ̀, ìgbín omi tó ń gbé àrùn àtọ̀sí ajá sì ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá sì bo omi pátápátá, oòrùn kò ní rọ́nà wọlé, afẹ́fẹ́ inú omi yóò dín kù, ẹja yóò sì sá tàbí kí ó kú. Ní abúlé tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni àwọn ọmọ ń wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà tó dí túmọ̀ sí ìjókòó ilé.

Ohun tí àwọn ará abúlé wọ̀nyí ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ọwọ́ àti àdá la ọ̀nà, wọ́n sì ń ri ọparun mọ́lẹ̀ láti fi dá ìtẹ́ náà dúró kí ó má baà dé èbúté. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, kò sì ní owó oṣù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n là láàárọ̀, afẹ́fẹ́ á ti pa á dé kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n mọ ibi tí omi ń gbà, ibi tí gbéborùn ń kóra jọ sí àti oṣù tó ń dé.

4.2 Àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò

Láti lóye iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí, ó yẹ kí a padà sí Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tó dà bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i lára dé Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀gẹ́ run. Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, bi ara wọn léèrè ohun tó ń pa kòkòrò náà ní ilẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n rí agbọ́n wẹ́wẹ́ kan ní Paraguay tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Lẹ́yìn àyẹ̀wò fínnífínní, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1981. Agbọ́n náà tàn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀gẹ́ sì bọ́. Ní ọdún 1995, Herren gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀ka tó ṣe iṣẹ́ náà kó lọ sí Calavi lẹ́bàá Kútọnu ní ọdún 1988. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dojú kọ gbéborùn tó ti bo odò Ouémé àti adágún Nokoué. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò: ẹ jẹ́ kí a wá ọ̀tá rẹ̀ wá láti ilé rẹ̀. Ọ̀tá náà ni kòkòrò onímú gígùn méjì, Neochetina eichhorniae àti Neochetina bruchi. Wọn kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹni tó bá ti rí kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo nínú àká ti rí ìbátan wọn. Wọ́n tú èkíní sílẹ̀ ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ní ìparí ọdún 1991, èkejì sì tẹ̀ lé e. Láàárín àwọn ọdún 1990 náà ni a mú wọn dé omi Nàìjíríà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àgbà kòkòrò ń jáde lálẹ́, ó ń ha ara ewé jẹ, ó sì ń fi ojú àpá kéékèèké sílẹ̀. Ìdin rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó burú jù: ó ń gbẹ́ inú igi ewé lọ títí yóò fi dé ọkàn ewéko. Omi yóò wá gba ojú ihò wọlé, igi ewé tí afẹ́fẹ́ kún yóò rọ, ewéko yóò kéré sí i, kò ní lè tanná dáadáa mọ́, ìtẹ́ náà yóò sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọdún mélòó kan ni ó ń gbà kí ojú tó rí i.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń béèrè ni pé, bí gbéborùn bá tán, kí ni kòkòrò náà yóò jẹ? Ṣé kò ní kọjú sí ẹ̀fọ́ wa? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdí nìyí tí a fi kọ́kọ́ ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewéko síwájú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú àhámọ́ kí a tó tú u sílẹ̀. Wọ́n ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún Neochetina ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì rí i pé orí gbéborùn nìkan ni wọ́n ti lè bí kí wọ́n sì dàgbà. Bí gbéborùn bá dín kù, àwọn náà yóò dín kù.

Èrè iṣẹ́ yìí hàn nínú ìwádìí De Groote àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2003). Ní ọdún 1999, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn 365, lọ́kùnrin lóbìnrin, lẹ́nu wò ní abúlé 24 ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé, nígbà tí gbéborùn gbóná jù, ohun tí nǹkan bí 200,000 ènìyàn tó ń gbé agbègbè náà ń pàdánù lọ́dọọdún tó mílíọ̀nù 84 dọ́là. Lẹ́yìn tí kòkòrò ṣiṣẹ́, mílíọ̀nù 30.5 dọ́là ni ó padà sọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún. Gbogbo iye tí a ná lé iṣẹ́ náà kò ju mílíọ̀nù 2.09 dọ́là lọ. Wọ́n ní, bí èrè náà bá dúró bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, dọ́là kọ̀ọ̀kan tí a ná yóò mú 124 wálé.

Ohun mìíràn wà nínú ìwádìí náà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Ẹja pípa ni àwọn ọkùnrin pàdánù. Ṣùgbọ́n òwò ni àwọn obìnrin pàdánù, òwò ẹja àti ti oúnjẹ oko tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé lọ sọ́jà. Ẹni tó bá ń ka ẹja nìkan yóò gbàgbé ìdajì ìlú.

4.3 Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba

Ní Nàìjíríà, NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀nà orí omi láti ọdún 1997, ni iṣẹ́ yìí já lé léjìká. Ní Èkó, LASWA tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2008 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ akóko-omi ni irinṣẹ́ wọn: ọkọ̀ ńlá tó ní eyín níwájú, tó ń gé gbéborùn, tó sì ń kó o sókè. Àǹfààní ẹ̀rọ yìí ni pé kíá ni ọ̀nà ń ṣí. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo gbéborùn ni ó jẹ́ omi. Nítorí náà, omi ni ẹ̀rọ olówó ńlá ń ru kiri ní pàtàkì. Bí a bá sì dà á sí etí omi láìkó o jìnnà, òjò lè gbá a padà síbi tó ti wá.

Oògùn apakoríko ni irinṣẹ́ kejì. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ dán an wò ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó sì ń pa gbéborùn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé omi kan náà ni àwọn ènìyàn ń mu, tí wọ́n sì ń pẹja nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí ìtẹ́ ńlá bá kú lẹ́ẹ̀kan náà tó sì jẹrà sínú omi, ó ń fa afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí tán.

4.4 Àwọn oníṣẹ́ ọnà

Ẹgbẹ́ kẹrin ni àwọn tó ní kí ohun tó ń pa wá di ohun tí a ó fi jẹun. Achenyo Idachaba, tí a ti dárúkọ rẹ̀ lókè, padà wálé láti Amẹ́ríkà ní ọdún 2009. Ó dá iléeṣẹ́ kan tó pè ní MitiMeth sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Igi ewé gbéborùn ni wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n sì ń fi hun apẹ̀rẹ̀, àpò, abọ́ àti àga. Ó kọ́ àwọn ará etí omi ní iṣẹ́ náà kí àwọn fúnra wọn lè máa rówó nínú rẹ̀. Ní ọdún 2014, ó gba ẹ̀bùn Cartier fún àwọn obìnrin olókòwò. Ní Bẹ̀nẹ̀, iléeṣẹ́ Green Keeper Africa ti sọ ewéko náà di èròjà gbígbẹ tí ń fa epo tó bá dà sílẹ̀.

5.0 Ibi tí Iṣẹ́ Wọn ti Ń Forí Gbárí

Bí a bá wo àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin yìí, a ó rò pé ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú gbéborùn ni kòkòrò onímú gígùn ń gbé. Bí òṣìṣẹ́ bá fín oògùn sí gbogbo ojú omi, ó ti pa ilé kòkòrò. Gbéborùn yóò hù láti inú èso tó wà nínú ẹrẹ̀, kò sì ní bá ọ̀tá kankan nílẹ̀ mọ́. Bákan náà ni bí ẹ̀rọ bá kó gbogbo rẹ̀ láìṣẹ́ díẹ̀ kù ní kọ̀rọ̀. Oníṣẹ́ ọnà ní tirẹ̀ ń wá igi ewé gígùn tó lera. Kòkòrò sì ń sọ ọ́ di ràrá. Bákan náà ni iye tí a fi ń hun apẹ̀rẹ̀ kò lè tó iye tí gbéborùn ń bí. Àǹfààní iṣẹ́ ọnà ni owó tó ń mú wọ abúlé, kì í ṣe pé ó lè dá nìkan fọ omi mọ́. Ó sì léwu kí a jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ín nítorí owó.

Ìṣòro mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ọ̀sà Èkó ní pàtàkì. Gbéborùn kò fẹ́ iyọ̀. Ní ìgbà òjò, odò Ògùn, Ọ̀ṣun àti Yewa ń da omi dídùn sínú ọ̀sà, gbéborùn a sì bo gbogbo ojú rẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọlé, gbéborùn a sì kú. Bí ó bá ti kú, kòkòrò inú rẹ̀ pàdánù ilé. Nígbà tí òjò bá tún dé, gbéborùn tuntun ni omi yóò gbé wá láti òkè. Èyí fi hàn pé ẹni tó ń kó gbéborùn ní Èkó nìkan dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ láìdí ihò. Òkè odò, níbi tí omi dídùn wà ní gbogbo ọdún, ni ó yẹ kí kòkòrò ti fìdí múlẹ̀. Omi kò sì mọ ààlà: ohun tí Bẹ̀nẹ̀ bá ṣe kan Àgbádárìgì.

Lékè gbogbo rẹ̀, a ń bọ́ gbéborùn fúnra wa. Omi ìdọ̀tí láti ilé, ìgbẹ́ tí a ń dà sínú ọ̀sà, àti ajílẹ̀ tí òjò ń gbá láti oko ni oúnjẹ rẹ̀. A kò lè máa fi ọwọ́ ọ̀tún fún un lóúnjẹ kí a máa fi ọwọ́ òsì lé e.

6.0 Ohun tó Kan Olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ohun mẹ́ta ni a rò pé ó kàn yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni orúkọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ pe gbéborùn ní ojú oró. Ojú oró wúlò fún egbòogi, ó sì ní àyè nínú Ifá àti nínú ìwúre wa. Bí a bá kọ́ ọmọ pé òun ni ó ń dí odò, ọmọ náà yóò fà á tu, yóò sì sọ ìwúre baba rẹ̀ di èpè. Ẹ ya àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ wọn sí abẹ́ rẹ̀.

Èkejì ni ìlò èdè wa fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Nínú iṣẹ́ yìí, a lo "àjèjì agbilẹ̀". Fún ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ kòkòrò ń lò, a dá a lábàá pé kí a máa pè é ní "ìfọ̀tá-ìbílẹ̀-kápá". Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀, kí ó mú un wá. Ohun tó ṣe kókó ni pé ọmọ etí omi lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní èbúté bàbá rẹ̀ ní èdè bàbá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àkíyèsí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tó bá wà létí omi tí gbéborùn ti wà tẹ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ kọ oṣù tó dé àti oṣù tó lọ sílẹ̀, kí wọ́n wo ara ewé bóyá wọn yóò rí àpá kòkòrò. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí kòkòrò ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí kò bá sí gbéborùn, kí olùkọ́ má ṣe gbé e wá láti fi ṣe ohun èlò ìkọ́ni, kí ó má sì jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ tan òun jẹ. Àwòrán tó. Bí ó ṣe kúrò nílé rẹ̀ gan-an nìyẹn: ẹnì kan rí òdòdó tó rẹwà, ó sì gbé e.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé pé gbéborùn di ìṣòro nítorí pé ó wá láìsí ọ̀tá rẹ̀. A ti rí i pé apẹja, onímọ̀ kòkòrò, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣẹ́ ọnà ló ń bá a jà, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kòkòrò ni ó ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù pẹ̀lú owó tó kéré jù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù àti omi dídùn. Ẹ̀rọ dára fún ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ ṣí lónìí. Iṣẹ́ ọnà dára fún àpò ará abúlé. Ohun tó kù ni kí wọ́n jókòó pọ̀ kí iṣẹ́ ẹnì kan má baà pa ti ẹnì kejì, kí wọ́n sì pe apẹja síbi ìjókòó náà, nítorí pé ojú rẹ̀ ni ó wà lára omi láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ wa tó béèrè ìbéèrè, a padà dá a lóhùn ní ọ̀sẹ̀ kejì. A ní kí ó máa fi ojú oró ṣàdúrà rẹ̀ lọ, nítorí pé ojú oró kò ṣẹ bàbá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá béèrè ohun tí òun yóò sọ fún bàbá òun nípa gbéborùn. Ohun tí a kọ sílẹ̀ yìí ni ìdáhùn.